Omi Èbà ní Ọ̀bà-Ilé

Nígbà tí mo ń fo Èkó sí Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ sí Àbújá,
ọkọ̀ kékeré, abẹ̀bẹ̀ méjì lápá,
èrò ò ní tíì mu ike omi kan tán, a ti ń sọ̀ kalẹ̀.
Mo mọ òkè Ìdànrè bí ẹni mọ èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀:
bí mo bá ti rí i lápá ọ̀tún, ó ku ìṣẹ́jú méje.
Ìró ẹ́ńjìnnì á gba orí páànù wa kọjá,
Fẹ̀yìntọ́lá á gbé omi kaná.
Kí n tó fọwọ́ síwèé, kí n tó bọ́ fìlà,
kí ọ̀kadà tó gbé mi dé ẹnu géètì tèmi taṣọ iṣẹ́,
omi ti hó, gàárì ti wà nínú abọ́.
Ìkòkò ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé mo dé.

Ìbalẹ̀ mẹ́fà lóòjọ́ nígbà náà.
Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ bí òòlù ṣe mọ́ alágbẹ̀dẹ.

Wọ́n wá ní kí n bọ́ sínú ọkọ̀ ńlá.
Ìyá mi jó yí àgbàlá ká ní Òkè-Àró:
"Ọmọ mi ti fi takisí sílẹ̀,
ó ti di onítírélà ojú ọ̀run!"
Owó pọ̀ sí i, òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n ìlà góòlù mẹ́rin ló wà léjìká mi tẹ́lẹ̀,
ó ti ku mẹ́ta. Ọ̀gá ti di igbákejì.
N kò tíì sọ ìyẹn fún un.

Wákàtí mọ́kànlá ni mò ń fi jókòó báyìí.
Aṣálẹ̀ á máa kọjá lábẹ́ wa, iná kan ṣoṣo nínú rẹ̀,
mo máa ń bi ara mi pé ta ló tan án, kí ló ń sè.
Àwa mẹ́ta la ń pín òru láàárín ara wa.
Bó bá kàn mí láti sùn, mo máa ń gun àkàsọ̀ kan
lọ sínú àpótí tóóró kan lókè orí èrò,
mo di bẹ́líìtì mọ́ra bí ẹrù,
ọ̀ọ́dúnrún àjèjì ń hanrun nísàlẹ̀ mi.
Lóṣù tó kọjá, ìbalẹ̀ méjì péré ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.
Ọwọ́ ń yún mi.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo délé. Ara mi ò tíì dé.
Aago méjì òru, ojú mi là kedere bí ojú ẹja.
Mo jáde. Bàbá Ojúolápé, ọlọ́dẹ àdúgbò,
bu ẹ̀pà fún mi lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀,
àwa méjì tí wọ́n ń sanwó fún kí ẹlòmíràn lè sùn.
Kò bi mí bí Niu Yọ́ọ̀kì ṣe ga tó.
Ó ní ṣé òkùnkùn ibẹ̀ jọ tiwa?
Mi ò mọ̀, bàbá.
Kọ́tìnnì hòtẹ́ẹ̀lì nípọn, mo sì sùn kọjá rẹ̀.

Mojírádé ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
oorun kan, ìlà kan.
Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti dé, á fi àkísà nù ún nù.
Lọ́tẹ̀ yìí ó fi í sílẹ̀.
Ó ní kí ló dé tóun á fi máa dààmú,
ṣebí màá tún lọ.

Lánàá, nírọ̀lẹ́, mo wà ní pálọ̀, mò ń bó ọsàn.
Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ gba orí páànù kọjá.
Abẹ̀bẹ̀ méjì. Mo gbọ́ bí awakọ̀ rẹ̀ ṣe tètè
dín agbára ẹ́ńjìnnì kù; ọ̀dọ́ ni, ó ń kánjú.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ka ìṣẹ́jú.
Fẹ̀yìntọ́lá dìde. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.
Mo gbọ́ ìṣáná ní ilé ìdáná,
mo gbọ́ omi tó ń dà sínú ìkòkò.
Ó wà lẹ́nu mi láti pè é pé, "Èmi nìyí."
Ọsàn ń kán sí mi lọ́wọ́.
Mo jẹ́ kí omi náà hó.
Èmi náà ń retí ẹni tó ń bọ̀ wálé.