Nọ́ńbà

Ní gáréèjì Ìkọ̀lé, lọ́jọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun,
mo bi Fágbuyì níṣojú gbogbo èrò:
"Kí ni nọ́ńbà rẹ?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ tún fìlà ṣójà ṣe.
Ó ní, "Màmá, ó ti pẹ́. Ariwo ìbọn ti gbé e lọ lórí mi."

Ọkọ mi gbàgbé orúkọ mi kó tó kú.
Ó gbàgbé ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní bàbá.
Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn, bí o bá jí i lóru,
á nà gbọnrangandan lórí ẹní,
á kà á láì fo ọ̀kan.

Mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín bú.
Awakọ̀ kan já ohun tó ń dán láyà rẹ̀:
bọ́tìnnì ẹ̀wù àlòkù ni.
Wọ́n ní kó yan kí àwọn rí i.
Ó yan. Ọwọ́ òsì bá ẹsẹ̀ òsì jáde.

Ibẹ̀ ni ǹ bá ti máa lọ.
Ọmọ Ọmọ́lẹ́yẹ, tó máa ń kí i bí ṣójà láràárọ̀,
ṣì gbọ́wọ́ síwájú orí, ó ń dúró.
Fágbuyì ò dá a lóhùn.
Èmi ló ń wò.

Iyán tí mo gún lálẹ́ ọjọ́ náà, kókó ni.