Ìdúró Kẹta

Ní oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ Tallinn kì í dúró de ẹnikẹ́ni:
a ò tíì jẹun alẹ́ tán, òkùnkùn ti gun orí odi ìlú.
Ìgbà náà ni mo máa ń gbọ́ ìró bàtà wọn
lórí òkúta àdúgbò wa,
kò-kò-kà, kò-kò-kà, bí ẹni ń pa ẹ̀pà.

Taavet ló ń ṣáájú. Ọmọ ilé-ìwé ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀;
irùngbọ̀n ti kún un lẹ́nu báyìí.
Aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ ló wọ̀, fìtílà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀,
bátìrì ló ń jẹ, kì í mu epo.
Yúrò méjìdínlógún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan
láti wá wo ohun tí kò sí.

Ilé mi ni ìdúró kẹta.
“Ẹ gbójú sókè, ẹ wo fèrèsé yẹn.
Ìyàwó oníṣòwò iyọ̀ kan ń bẹ níbẹ̀,
ó ń retí ọkọ̀ ojú omi tí kò padà wálé.”

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ.
Lọ́dún kìíní, àìsàn ló pa obìnrin náà.
Lọ́dún kẹta, ó di pé ó bẹ́ sómi.
Nígbà tó fi máa di ọdún karùn-ún, wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí:
Taavet ní aláìlórí ló ń pe èrò.
Mi ò bá a jà. Ọmọ náà ní owó ilé láti san.
Kò sí oníyọ̀ kankan tó gbé ilé yìí rí;
ohun tó ń rìn lórí àjà, ẹyẹlé ni.

Heldi, ìyàwó mi, ló fẹ́ràn wọn.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gbọ́ tí wọ́n ń kùn nísàlẹ̀
pé àwọn ò rí nǹkan kan.
“Wọ́n ṣáà ti sanwó,” ló wí.
Ó wọ aṣọ ìsùn funfun, ó tan àbẹ́là,
ó dúró lójú fèrèsé, ó na ọwọ́ síta, jẹ́jẹ́.
Igbe ta! Ẹnìkan sá lọ, ó fi fìlà sílẹ̀.
Èmi ni mò ń dé e títí dòní.

Láti ìgbà náà, alaalẹ́ ni,
ìbáà jẹ́ òtútù, ìbáà jẹ́ pé ọbẹ̀ ń jóná.
Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.
Irọ́ tiwa sáré ọdún méje.
Òtítọ́ bá a ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú oṣù Kejì,
ní ilé ìwòsàn tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí.

Ẹni tó fi ọdún méje kọ́ bí òkú ṣe ń padà wálé,
ṣé kò yẹ kó ti mọ̀ ọ́n ṣe?
Mo ń jókòó sínú òkùnkùn. Àbẹ́là wà níbẹ̀, mi ò tàn án.
Ẹyẹlé nìkan ló ń dáhùn.

Taavet wá síbi ìsìnkú. Ó bi mí, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde,
bóyá kí òun yọ ilé mi kúrò nínú ìrìn náà.
Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀.
Láti ìgbà náà,
ó ti dá orí obìnrin náà padà sí ọrùn.

Lánàá, òjò ń ṣẹ́. Ènìyàn mẹ́rin péré ló wá,
àti ọmọbìnrin kékeré kan lórí èjìká bàbá rẹ̀.
Kò ké. Ó kàn gbọ́wọ́ sókè, ó juwọ́ sí fèrèsé.
Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo wà, mi ò sí nítòsí fèrèsé rárá.

Mi ò gba iwin gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún tráàmù ṣe:
ohun tí kò bá ní wáyà kì í tanná.
Ṣùgbọ́n mo dìde. Mo dé fìlà. Mo wá ìṣáná.
Ọmọ náà tún juwọ́.
Nísàlẹ̀, Taavet ti gbàgbé
ibi tó kàn nínú ìtàn.