Ẹ Fọwọ́ Kàn Án

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ ilé obì yìí
ní Ṣàgámù, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Sábó.
Gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbó sí mi lẹ́nu:
má fọwọ́ kàn án.
Mo wí i fọ́mọdé, mo wí i féwúrẹ́,
bí wọn ò bá gbọ́, pàṣán awọ ọwọ́ mi a tún un wí.

Olóbì kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun.
Òórùn obì nìkan ni kò bá wọn lọ.

Ni ọmọ Ọnàkọ̀yà bá dé, Ọlátóún eléjì,
ó yá ilé náà lọ́wọ́ wa fún oṣù kan.
Mo ṣebí oúnjẹ adìyẹ ló fẹ́ kó síbẹ̀.
Agbọ̀n ló ń hun,
agbọ̀n tí màlúù méjì lè sùn nínú rẹ̀.
Ó hun ún dé orúnkún, ó fi í sílẹ̀,
ọ̀pá rẹ̀ nà sókè bí ìka ẹni tó ń bèèrè nǹkan.
Ó kó ìko àti àkísà jọ sílẹ̀,
ó wá fi ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, gàdàgbà:
Ẹ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo máa parí ẹ̀?"
Ó ní, "Bàbá, tèmi ti parí. Ó ku tiyín."
Mo pòṣé.
Agbẹ́gilére kì í gbẹ́ orí
kó ní kí aládùúgbò wá gbẹ́ imú.

Wọ́n kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí a kò fún ní àga.
Ìyá Ṣódípẹ̀ ló ṣíwájú:
ó ya etí ìró rẹ̀, ó hun ún wọlé,
ó ní òun ló ró lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ òun,
kò wu òun í ró mọ́, kò sì ṣe é sọ nù.
Màlámù Ládàn, tó di obì níhìn-ín nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú,
fi ọwọ́ gbígbọ̀n ta kókó tí wọ́n fi ń di ẹrù Kánò.
Àwọn ọmọ iléèwé ṣù bò ó: "Ẹ tún un ta!"
Ó tú u, ó tún un ta. Ìgbà mẹ́sàn-án.
Ọmọ kan fi okùn bàtà rẹ̀ sí i,
ó wá ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé.
Agbọ̀n wọ́. Ó yọ gẹ̀gẹ̀ lápá kan.
Ọlátóún ò tún un ṣe.

Èmi jókòó sórí àpótí mi.
Bí ọmọdé bá ti nawọ́, ahọ́n mi a dìde,
màá gbé e mì.

Lóru ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo ti ilẹ̀kùn tán,
mo tún un ṣí.
Iná tọ́ọ̀ṣì mi bọ́ sára ihò kan nísàlẹ̀,
ibi tí àgbà gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kọ́wọ́ rẹ̀ tó débẹ̀.
Mo kúnlẹ̀.
Pàṣán náà rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.
Ó wọlé, ó yípo, ó jáde, ó tún wọlé.

Láàárọ̀, ọmọkùnrin kan tí mo ti nà rí,
tó ti nírùngbọ̀n báyìí, tẹjú mọ́ ọn:
"Bàbá, ta ló hun èyí?"
Mo ní kó fà á wò.
Ó fà á. Kò tú.
Mo bá ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri nínú àpò,
kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi.