Ààrò Mẹ́ta ní Moose Jaw

Oṣù kìíní, òtútù ń géni létí jẹ.
Wọ́n wọ́ ọkọ̀ ìyá Prokopchuk wá sí ṣọ́ọ̀bù mi,
Suzuki pupa tí iyọ̀ ojú títì ti jẹ lẹ́sẹ̀,
kékeré bí àpótí ìjókòó.
Èmi nìkan ni mo tì í wọlé.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Sílíńdà mẹ́ta péré.
Dyck, tí akẹ́rù tirẹ̀ ń fi mẹ́jọ ké,
gbé kọfí lé orí táyà, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ẹ́ńjìnì rèé, àbí maṣíìnì ìránṣọ?"
N ò dá a lóhùn.
Ìyá mi ní Ìpetumodù kò fi òkúta mẹ́jọ dáná rí.
Mẹ́ta ló tò, ọbẹ̀ ò dànù.

Mo máa ń ro àwọn tó ṣe é
ní Japan lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀nà há, tí epo wọ́n bí ojú.
Ẹlòmíràn a máa bèèrè ohun tí òun tún lè fi kún un;
àwọn bèèrè ohun tí àwọn lè yọ
tí yóò ṣì gun òkè.
Wọ́n yọ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ó gbọ̀n.
Bí orí rẹ̀ ń lọ sókè, ìdí rẹ̀ ń relẹ̀.
Wọ́n padà sídìí tábìlì, ọdún gorí ọdún,
títí ẹnì kan fi ti irin kan bọ̀ ọ́ nínú
tó ń yí sódì,
bí ọwọ́ tó ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn.
Ti ìyá yìí ò ní irin náà. Ó dàgbà jù ú lọ.

Mo yọ orí ẹ́ńjìnì. Fáàfù kejì ti jó,
etí rẹ̀ rí bí etí bisikíìtì tí ọmọdé gé jẹ.
Bí ọ̀kan bá kú nínú mẹ́jọ,
Dyck lè má fura títí yóò fi dé Regina.
Bí ọ̀kan bá kú nínú mẹ́ta, gbogbo ara ní ń tiro.
Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí.
Ọláìtán ló wà láàárín.
Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n pè mí; mo ń pààrọ̀ bíréèkì lọ́wọ́,
mo sì pààrọ̀ rẹ̀ tán.

Mo ní àtúnṣe á ju owó ọkọ̀ lọ.
Ìyá wò mí: "Ṣé iye owó rẹ̀ ni mo bi ọ́?"

Ọjọ́ kẹrin, mo yí kọ́kọ́rọ́.
Ó wúkọ́, ó kọ̀, ó gbà.
Ó ń gbọ̀n bó ti ń gbọ̀n látijọ́.
Ìyá fi ẹyin méjìlá dí owó tó kù.

Lálẹ́, mo pe Adétóún, àbúrò wa.
N ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.
Mo ní, ṣé o ti jẹun?