Jagunmólú ní Pàǹtẹ́kà

Ní Pàǹtẹ́kà, ní Kàdúná, láàárín ariwo òòlù,
mo bá ọ nílẹ̀, Jagunmólú.
Ìwọ̀n ilẹ̀kùn kan péré ló kù lára rẹ,
irin pẹlẹbẹ, ìdajì nọ́ńbà mẹ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ọ̀dà aláwọ̀ eérú mẹ́ta lórí ara wọn.
Èmi ni mo kun ìkẹta. Mo mọ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì mi ti ṣáko.

Sáfiyánù alágbẹ̀dẹ ní, "Bàbá Néfì, ẹ sùn lórí ìdúró ni?"
Mo ní ará ilé mi ni mo rí.

Ìlú òtútù ni wọ́n ti rọ ọ́.
Orúkọ mìíràn lo kọ́kọ́ jẹ́, lábẹ́ àsíá mìíràn;
a fi irin ha á kúrò nídìí rẹ,
ṣùgbọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá fẹ̀gbẹ́ kàn ọ́,
lẹ́tà méjì ṣì wà tí kò gbà láti kú.
Àlòkù ni ọ́. A ò jẹ́ kó jáde lẹ́nu.
A ní àlejò ọba dé, a fọn fèrè.

Igba ó lé mẹ́rìnlá ni wá nínú rẹ.
Ilé ẹ̀rọ ni tèmi, nísàlẹ̀ ìsàlẹ̀,
níbi tí òógùn ti ń gbẹ kó tó kán.

Ìwé ìtàn rẹ á sọ pé o ṣọ́ etíkun,
pé o sin ọkọ̀ epo, pé o kó ọmọ ogun
lọ Mọnrófíà lẹ́ẹ̀mejì.
Kò ní sọ pé nígbà àbọ̀ kejì ìrẹsì tán,
Tìmípẹ́rẹ́ jókòó sídìí ìbọn ńlá, ó ń fi ìwọ̀ mú ẹja,
aláìsàn ló sì ń kọ́kọ́ fún jẹ.
Kò ní sọ pé ìbọn ọ̀hún,
tó ń kí àwọn ọ̀gá lọ́dọọdún,
ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bínú:
lóru kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, sí iná kan tí kò dá wa lóhùn.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọ̀n apẹja ló léfòó.
Àwọ̀n, àti bàtà ẹsẹ̀ òsì kan.
Ọ̀gá ọkọ̀ wo omi títí.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú ọjọ́ dára.
Láti òru yẹn ni etí ọ̀tún mi ti di.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹ̀rọ rẹ dákẹ́.
Ọdún mọ́kànlá lo fi wà ní èbúté, ní síso bí ewúrẹ́.
A sá ṣòkòtò sórí ẹnu ìbọn.
Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo kí ọ bí ológun ṣe ń kí;
o mì díẹ̀.
Omi ni. Mo mọ̀ pé omi ni.

Wọ́n fi iná gé ọ, tírélà gbé ọ wá sókè Ọya.
Nígbà tí ẹ gun afárá Jẹ́bà,
ṣé o bi odò léèrè pé òkun dà?
Mọ́kwà, Tẹ́gínà, eruku.
Nínú gbogbo àwọn tó ń ná ọ láàárọ̀ yìí,
kò sẹ́ni tó rí ìgbì rí.

Sáfiyánù ní kí lòun ó fi ọ́ rọ fún mi.
Mo ní fátáńyà. Nílé wa, ọkọ́ là ń pè é.
Ó ní, kí lẹ wá ń pe èyí tó ń rìn lórí omi?
Mo ní ọkọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò gbọ́ ìyàtọ̀.
Mo ní ohùn ló ń gòkè, ohùn ló ń sọ̀ kalẹ̀,
bí ẹni wà lójú agbami.

Ó kì ọ́ bọná.
Ọ̀dà tèmi ló kọ́kọ́ jó.

Bí òjò bá dé, ẹ̀pà la ó jọ gbìn ní Rìgásà.
Ilẹ̀ ibẹ̀ le, ọ̀rẹ́ mi.
Rọra.