Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Ọjọ́ kìíní, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ondina kọ ọ́ sójú pátákó:
ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Ó gbọn ẹfun dànù lọ́wọ́, ó ní,
"Ẹ lọ bá ẹni tí kò bi yín ní nǹkan kan sọ̀rọ̀."

Àwa mẹ́rìnlá la jókòó síbẹ̀, ní yunifásítì kan ní Trieste.
Ẹlòmíì gboyè nínú ìràwọ̀, ẹlòmíì nínú àrùn ẹ̀dọ̀fóró,
èmi Nives, nínú omi òkun.
A ti kàwé títí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ kà wá,
a wá padà wá kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ
bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín.

Lóde, bora ń jà.
Afẹ́fẹ́ ìlú wa nìyẹn: ó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè olókùúta,
ó ń já gbólóhùn gbà lẹ́nu ẹni
kó tó kan etí ẹni kejì.
Nígbà kan rí, okùn ni wọ́n ń ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì
kí ẹsẹ̀ arúgbó má baà kúrò nílẹ̀.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òkun ni mo mú.
Ohun funfun tó yi, tó ń fà,
tó léfòó sójú omi lóṣù Keje,
tó lẹ̀ mọ́ àwọ̀n bí àtè,
tí àwọn àlejò fi kó bàtà wọn, tí wọ́n sá kúrò létíkun.
Mo kọ ojú ìwé méjìlá.
Mo kọ dáyátọ́ọ̀mù, mo kọ náítírójìn,
mo kọ ọ̀rọ̀ kan tó gùn ju ọkọ̀ ojú irin Udine lọ.
Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀rọ̀ tóbi tó, a kì í fi ọ̀bẹ bù ú.
Irọ́ ni. Tọ̀bẹ-tọ̀bẹ ni mo fi sùn tì í lọ́jọ́ mẹ́fà.

Ọjọ́ Àìkú, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Duino,
sọ́dọ̀ Zorko, ẹni tó bí bàbá mi,
tí kò sì bi mí ní nǹkan kan rí nípa ẹ̀kọ́ mi.
Okùn ni oko tirẹ̀: ó so wọ́n rọ̀ sínú òkun,
ìkarahun dúdú á lẹ̀ mọ́ wọn, á sanra, á dọjà.
Mo gbé aago kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí rẹ̀.
Mo ní, bàbá, ewéko kan ń bẹ nínú omi
tó kéré débi pé ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lè pé jọ sórí abẹ́rẹ́.
Bí kò bá rí oúnjẹ jẹ tó, itọ́ ló ń tu jáde,
itọ́ á wá itọ́ kàn...

Ó gbé ọwọ́ sókè.
"Ta ló dúró kà wọ́n lórí abẹ́rẹ́?"
Ẹnu mi kọ́.
"Bàbá mi máa ń ní òfìnkìn mú òkun
lọ́dún tí odò Soča bá pẹ́ kó tó kún.
Ṣé ìyẹn wà nínú ìwé yín?"
Mo wá bírò. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ojú ìwé kejìlá.
"Ìgbà wo ni tọdún yìí máa lọ?"
"N kò mọ̀, bàbá."
Ìgbà yẹn ló tó wò mí.
Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tèmi.
Aago dún. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, mo dúró níwájú àwọn mẹ́tàlá.
Bora ti gba méjì nínú ìwé mi níbùdókọ̀,
mo ní kó kúkú máa kó ìyókù lọ.
Mo sọ̀rọ̀ ebi, mo sọ̀rọ̀ itọ́, mo sọ̀rọ̀ odò tó pẹ́.
Mo ní ìgbà tó máa lọ, a kò tíì mọ̀ ọ́n.
Mo dákẹ́.

Ondina wo aago: "Ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀. Ìyókù ńkọ́?"
Mo ní ẹnìkan ṣì ń lò ó lọ́wọ́ ní Duino.
Ó kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n.
Ó ní ọ̀rọ̀ odò yẹn, kí n lọ wádìí rẹ̀ wò
kí n tó tún sọ ọ́ létí ẹlòmíì.