Kò Tíì Gbọ́

Oṣù kọkànlá, omi Kerkennah tutù wọ eegun.
Mo fa ìkòkò amọ̀ kẹtàdínlógún sókè,
ọlọ́wọ́-mẹ́jọ kan ká jọ sínú rẹ̀
bí ẹni tó san owó ilé ọdún kan sílẹ̀.
Bàbá ló kọ́ mi: má bá a fa wàhálà,
da iyọ̀ díẹ̀ sí ìdí ìkòkò, yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.
Mo da iyọ̀. Ó jáde.
Mo fi ọ̀bẹ pa á.
Apá rẹ̀ kan gé, ó já bọ́ sórí pákó ọkọ̀.

Orí ti kú. Apá kò tíì gbọ́.
Ó ń wọ́ lọ, ó ń tọ igun wò, ó ń wá nǹkan,
ó di ọrùn ọwọ́ mi mú ṣinṣin
bí ọmọdé tó fẹ́ sọdá títì.
Mo ní, "Ta ló rán ọ?"
Kò sẹ́ni tó rán an.
Iṣẹ́ tó ń jẹ́, inú ara rẹ̀ ló ti gbà á.

Dókítà Zouari ní Sfax ló là á yé mi,
lọ́jọ́ tí a gbé Bàbá sọdá òkun,
lẹ́yìn tó já láti orí ọ̀pẹ
níbi tó ti ń gé imọ̀ tí a fi ń sọgbà fún ẹja.
Ó ya egungun ẹ̀yìn sórí bébà, ọ̀kan lórí èkejì,
bí ìlẹ̀kẹ̀; ó fa ìlà kan gba ihò wọn kọjá.
"Okùn rèé. Òun ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sísàlẹ̀.
Ibi tó ti já rèé."
Ó tẹ bírò mọ́ ibẹ̀ títí bébà fi lu.
Mo ti ń gbọ́ pé okùn kì í gùn títí kó má ní orí.
N kò mọ̀ pé ó lè ní orí, kó ní ìdí,
kí àwọn méjèèjì má sì gbúròó ara wọn mọ́.

Láti ìgbà náà, okùn ni mò ń wá nínú gbogbo ẹran omi.
Mo la ẹja: tirẹ̀ wà lẹ́yìn, nínú egungun, bíi tiwa.
Mo bó edé: tirẹ̀ gba abẹ́ ikùn lọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
ó ta kókó ní oríkèé kọ̀ọ̀kan,
kókó kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe baálẹ̀ abúlé tirẹ̀.
Èyí tó ń léfòó bí ẹ̀kọ tó dì, tó ń ta ni bí iná,
kò lórí, kò nídìí, àwọ̀n ni iṣan rẹ̀;
ibi yòówù tí àjẹ̀ bá kàn, gbogbo rẹ̀ ló mọ̀.
Ti ọlọ́wọ́-mẹ́jọ ló wá jọ mí lójú.
Òkèlè rẹ̀ ń la àárín ọpọlọ kọjá kó tó dé ikùn;
tó bá gbé e tóbi jù, ìrònú rẹ̀ a fara gbọgbẹ́.
Orí lẹja fi ń la ibú, wọ́n ní.
Èyí fi èyí tó pọ̀ jù nínú òye rẹ̀ pín fún apá.

Kò tíì pé wákàtí kan tí mo fi gbé e délé nínú garawa.
Apá náà ṣì ń mira.
Bàbá wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.
"Èyí kú, ó ń rìn," ó wí. "Èmi yè—"
Kò parí rẹ̀.
Mbarka ìyá mi gbé omi kaná,
ó ń bú mi pé n kò ra tòmátì bọ̀.

Bàbá na ìka sí apá náà, ó gbá a mú.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé e, ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì,
ó gbé e lé orúnkún ara rẹ̀.
"Ṣé ó dì í mú?" ó bi mí.
"Ó dì í mú."
"Dáadáa?"
"Dáadáa, Bàbá."
Kò jẹ́ kí n mú un kúrò níbẹ̀ títí omi fi hó.